Nítorí 150 náírà, mo sọ ohun tí kò ṣeé kó jọ mọ́ sí ọkọ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó, àwa Kristẹni ayé òde òní, a mọ ẹnu lò ní ṣọ́ọ̀ṣì. A mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu lé Sàtánì, a mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu pe mọ́tò tí wọn ò tí ì ní owó rẹ̀ lọ́wọ́, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu gba físà ìlú òyìnbó. Bí pásítọ̀ bá ní ká la ẹnu wa, ká sọ bí a ṣe fẹ́ kí ọ̀la wa rí, ariwo wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù orí ilé. Ṣùgbọ́n ká délé báyìí, kí ọmọ fọ́ ife, tàbí kí ọkọ béèrè oúnjẹ nígbà tó ti rẹ̀ wá, ẹnu tó ń pàṣẹ ìbùkún láàárọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀yinná sílẹ̀ lálẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí o. Ara mi ni mo ń bá wí, nítorí ohun tí mo fi ẹnu ara mi ṣe ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ó ti lé lógún ọdún báyìí, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí.

Ọdún 2003 ni. Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Ágége, yàrá kan àti pálọ̀ la sì ń gbé nínú ilé tí wọ́n ń pè ní féèsì-mí-àì-féèsì-yú, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ n'Ìkẹjà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà yẹn á rántí bí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ṣe ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná ìjọba ò dúró, epo tí wọ́n ń dà sí jẹnẹrétọ̀ wọ́n, aṣọ ilẹ̀ òkèèrè sì kún ọjà rẹpẹtẹ. Nígbà tó kan tiwọn, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé ná. Bí ọkọ mi ṣe dẹni tó ń jókòó sílé nìyẹn.

Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ń kọ́lé ládùúgbò, á lọ bá wọn ru bíríkì. Kí n tó dé láti ilé ìwé, á ti pọnmi, á ti fọ yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n owó oṣù tíṣà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òun la fi ń jẹun, òun la fi ń san owó ilé, òun la fi ń ra ìwé ọmọ. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún nínú oṣù, ó ti tán.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, landlọ́ọ̀dù ti dá mi dúró lẹ́nu géètì, ó ti sọ̀rọ̀ sí mi lójú àwọn èèyàn. Orí ń fọ́ mi. Bí mo ṣe ń gbé báàgì sílẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ báyìí ni ọkọ mi jáde sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹnì kan sọ fóun pé wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Sángò Ọ̀tà, ó ní ká jọ wo bí òun ṣe máa rí 150 náírà, kí òun fi wọkọ̀ lọ, kí òun fi wọkọ̀ bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

150 náírà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó wà nínú báàgì mi. Mo kàn lè nawọ́ mú un, kí n gbé e fún un, kí n sì gbàdúrà lé e. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyí: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lówó ọkọ̀, kí lẹ fẹ́ lọ wá ṣe níbi iṣẹ́? Kí n bọ́ ọmọ mẹ́ta, kí n tún máa bọ́ bàbá wọn mọ́ ọn? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, èmi ni mo fẹ́ yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ mi!"

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Ìyá tó ń dín àkàrà níwájú yàrá tiẹ̀ gbé ṣíbí dúró sókè. Ọkọ ìyàwó kan tó ń gbọ́ rédíò rọra yí i wálẹ̀. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Ọkọ mi ò fèsì. Ó tẹrí ba, ó wọ sílípáàsì rẹ̀, ó jáde. Ìgbà tí gbogbo ilé ti sùn ló tó wọlé. Èmi náà ṣe bíi pé mo ti sùn.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó mọ́, ó ti jáde. Ó dé lálẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo bi í pé níbo ló lọ, ó ní òun kàn lọ nasẹ̀ ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa tó ń wa dánfó tó sọ fún mi pé òun rí ọkọ mi lọ́nà Abúlé Ẹ̀gbá láàárọ̀ kùtùkùtù, pé òun fọn fèrè sí i kó wọlé, pé òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní rárá, ara òun ló ń béèrè ìrìn. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ẹsẹ̀ lọkọ mi fi rìn láti Agége dé Sángò. Kó sì tó débẹ̀, wọ́n ti mú iye èèyàn tí wọ́n fẹ́, wọ́n ti ti géètì.

Ẹ rò pé ìyẹn ló dùn mí jù, àbí? Kò tí ì tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìgbà náà, mò ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ ilé sì ń ṣeré ìyá àti bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń ṣe ìyá. Ọmọ aláàkàrà, ọmọkùnrin kékeré kan báyìí, ló ń ṣe bàbá. Wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ tán, wọ́n ti bu oúnjẹ sínú agolo mílíìkì. Mò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àfi bí ọmọ mi ṣe dìde, tó fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, tó na ìka sí ọmọkùnrin náà lójú, tó ní, "Èmi ni mo fẹ́ yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ mi!" Ọmọkùnrin yẹn náà ò bi í léèrè ohun tó yẹ kóun ṣe. Ó tẹrí ba, ó wọ sílípáàsì rẹ̀, ó jáde lọ.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. Àwọn bàbá wa ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi rò pé eléyìí tí mo jù sílẹ̀ ti fọ́, a sì ti gbá èèpo rẹ̀ dànù. Mi ò mọ̀ pé ó ti pa ọmọ sílẹ̀ mi.

Ibi tí ojú tì mí dé wàyí ni pé lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn obìnrin ìjọ lẹ́kọ̀ọ́. Orí ọ̀rọ̀ tí mo sì ti kọ sínú ìwé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni: Ẹnu ọlọ́gbọ́n obìnrin. Ábígáílì ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ka Sámúẹ́lì Kìíní orí 25 mọ ìtàn náà. Nábálì, ọkọ Ábígáílì, olówó ni. Àgùntàn rẹ̀ jẹ́ 3,000, ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1,000. Dáfídì àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti bá a ṣọ́ àwọn darandaran rẹ̀ nínú aginjù, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ ìrẹ́run àgùntàn, Dáfídì rán ọmọkùnrin mẹ́wàá sí i, ó ní kó fún àwọn ní ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nábálì ní oúnjẹ, ó ní ẹran, ó ní omi. Kàkà kó kàn sọ pé kò sí, ẹnu ló là, ó ní ta ló ń jẹ́ Dáfídì, ó fi í wé ẹrú tó sá lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Dáfídì, òun àti 400 ọkùnrin sán idà mọ́ ìdí, wọ́n ń bọ̀ wá pa gbogbo ọkùnrin ilé náà. Oúnjẹ tí Nábálì fi du Dáfídì kọ́ ló fa idà yọ, èébú tó fi kún un ni.

Ábígáílì gbọ́, kò sì bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó di búrẹ́dì 200, ó di wáìnì, ó di ẹran àgùntàn márùn-ún tí wọ́n ti ṣe tán, ó di èso àjàrà gbígbẹ àti ọ̀pọ̀tọ́, ó kó o ṣíwájú ara rẹ̀, ó lọ pàdé Dáfídì lọ́nà. Ó dojú bolẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí ẹ̀bi náà wà lórí òun. Ó rán an létí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jọba, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ wá máa dà á láàmú lọ́jọ́ náà. Bí idà ṣe padà sínú àkọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Nínú ilé kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹnu ọkọ yọ ọfà, ẹnu ìyàwó yọ obì.

Mo ti ń kọ́ni ní ìtàn yìí tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì ń sọ ọ́, àwa obìnrin á máa mi orí, á máa wo ara wa lójú, nítorí Ábígáílì ni kálukú wa ń pe ara rẹ̀, Nábálì la sì ń pe àwọn ọkọ wa nínú ọkàn wa. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo dé ibi tí Nábálì ti ń bú ẹni tó wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rí ara mi lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Ẹnì kan wá tọrọ 150 náírà, ó wà lọ́wọ́ mi, mo sì bú u. Nábálì ni mí! Ẹnu mi wọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ orin, mo jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan nínú ìjọ, tí a máa ń pè ní Ìyá Ìjọ, fà mí sẹ́yìn ọgbà. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ní, "Mọ́mì, mo ti bẹ Ọlọ́run, mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta." Ó wò mí títí, ó ní, "Ọlọ́run lo bú ni?" Mo ní rárá, mà. Ó ní, "Ṣé o ti wá bẹ ọkọ ẹ?" Mo ní mò ń wá ìgbà tí èmi àtiẹ̀ nìkan máa wà ní yàrá. Ó mi orí. Ó ní, "Ọmọ mi, níbo lo ti sọ ọ́? Ibi tó o ti tú u dànù ni kó o ti lọ ṣà á. Yàrá kọ́ lo ti sọ ọ́, má fi yàrá bò ó."

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn le létí mi. Ká kúnlẹ̀ fún ọkọ ní kọ̀rọ̀, ó rọrùn. Àmọ́ ká kúnlẹ̀ níwájú aláàkàrà! Mo gbé e fún ọjọ́ mẹ́rin. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo ilé ti wọlé, tí kálukú gbé sítóòfù síta, mo pe àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, mo kúnlẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín níbí, irọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ mi, ẹ̀yin lẹ sì ń bọ́ wa látọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi. Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí mo sọ sí bàbá yín ò dáa, ẹ má kọ́ ọ lọ́wọ́ mi."

Ẹ rò pé á fà mí dìde, ká dì mọ́ ara wa bíi tinú fíìmù? Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Ẹ gbé oúnjẹ fáwọn ọmọ, ilẹ̀ ti ṣú." Ó wọlé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń fẹ́lẹ̀ fọ imú rẹ̀ nínú yàrá. Aláàkàrà náà sì rọra wá gbé mi dìde, kò sọ nǹkan kan.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ọkọ mi ríṣẹ́ dírẹ́bà ní ìparí ọdún yẹn, iṣẹ́ náà ló fi tọ́ àwọn ọmọ wa yọrí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn pé mo tọrọ ìdáríjì, Ọlọ́run sì fi iṣẹ́ san án fún wa ni mò ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa ni ohun tí agbára ọ̀rọ̀ jẹ́. Jákọ́bù nínú ìwé rẹ̀, orí 3, fi ahọ́n wé iná kékeré tó ń jó igbó ńlá, ó sì fi wé ìtọ́kọ̀ kékeré tó ń darí ọkọ̀ ojú omi. Ìwé Òwe orí 18 náà jẹ́ kó yé wa pé ọwọ́ ahọ́n ni ikú àti ìyè wà. Àwa á ka èyí tán, a ó rò pé ohun tó ń sọ ni pé ká fẹnu pe owó kí owó wá. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ wa ni agbára ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ò lè pe mọ́tò wá láti Jámánì, àmọ́ ó lè mú kí ọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ rìn dé Sángò. Ó lè kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bí wọ́n ṣe ń sọ ọkọ di yẹpẹrẹ.

Ẹ wo Rehoboámù ọmọ Sólómọ́nì, ẹni tí bàbá rẹ̀ gbọ́n ju gbogbo èèyàn lọ. Àwọn aráàlú bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ìnira tó wà lórí àwọn fúyẹ́. Àwọn àgbà ní kó fi ọ̀rọ̀ tútù dá wọn lóhùn. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó fi agbára hàn wọ́n. Ó dáhùn pé ìyà tí bàbá òun fi jẹ wọ́n, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí òun ń bọ̀ wá fi jẹ wọ́n. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀yà mẹ́wàá nínú méjìlá kẹ̀yìn sí i. Ogun kọ́ ló fọ́ ìjọba Sólómọ́nì sí méjì, ìdáhùn kan ni.

Kí wá ni ọgbọ́n? Ṣé ká máa dákẹ́ ni? Rárá o. Ábígáílì ò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá Dáfídì sọ gùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín tí mi ò rí nínú ìtàn yẹn títí di ọjọ́ tí ojú tì mí. Nígbà tí Ábígáílì padà délé, ó bá Nábálì níbi àsè, ó ti mutí yó bìnàkò. Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé là, ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọtí dá lójú ọkọ rẹ̀, ló tó sọ ọ́. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà lálẹ́, òótọ́ náà ni láàárọ̀. Ọgbọ́n ló mọ̀ pé ti àárọ̀ ló yẹ kóun sọ.

Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá epo kan kúrò ní ohun tí kò tó 200 náírà, tó sì kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọmọ mi àgbà pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Òun náà ti wà nílé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ ń ta ẹja inú yìnyín, epo tí wọ́n ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ ti jẹ èrè àti owó ìṣòwò. Ó ní, "Màámi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé ni o, wọ́n ní kí n yá àwọn lówó. Ẹnu ń yún mi."

Mo bi í, "Ṣé o ti jẹun?" Ó ní rárá, mà. Mo ní, "Lọ jẹun. Gbé tiẹ̀ náà fún un. Kí ẹ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tó o bá ṣì ní ọ̀rọ̀ sọ, kó o sọ ọ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Màámi, mo rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa l'Ágége." Àyà mi já. Ó ní, "Mo rántí ọjọ́ tí ẹ sọ ọ́. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ kúnlẹ̀ náà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó rántí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù fún yín, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ń lọ láìfi àpá sílẹ̀. Ọkọ mi dárí jì mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. A jọ ń rẹ́rìn-ín, a jọ ń gbàdúrà. Àmọ́ láti ọdún 2003 títí di òní olónìí, kò tún béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Bí kò bá ní ṣéńjì lọ́wọ́, á lọ yá a lọ́wọ́ ará ilé kejì, á sì san án padà lálẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láràárọ̀, kí n tó jí i, mo máa ń fi owó kékeré sínú àpò ṣòkòtò tó máa wọ̀. Kì í sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi náà kì í sọ. Ó máa ń na owó náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá délé lónìí, tó rẹ̀ yín, tí ẹnì kan bá béèrè nǹkan kékeré lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, bó bá wà, ẹ fún un. Bí kò bá sí, ẹ ní kò sí. Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ẹnu wa o.